Bí Kìnnìún, Ẹkùn àti Àwọn Ìbátan Wọn Ṣe Ń Pa Ẹran Tó Tóbi Jù Wọ́n Lọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ní Abẹ́òkúta. Nígbàkúùgbà tí a bá dé orí àwọn ẹranko tí ń pa ẹran jẹ, ìbéèrè kì í tán, àwọn òbí pàápàá a sì máa ránṣẹ́ wá béèrè tiwọn. Mo ti kó àwọn tí wọ́n máa ń béèrè jù lọ jọ síbí. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀rù ìpalára ń ba àwọn ẹranko wọ̀nyí, ó sì yẹ kí ó bà wọ́n, nítorí pé ẹranko tí eegun rẹ̀ bá ṣẹ́ nínú igbó kò ní ẹni tí yóò gbé oúnjẹ wá fún un. Láti orí bíba níbùba títí dé orí dídi ọ̀fun ẹran mú, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yẹra fún ìwo àti pátákò ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ó kà yìí.

Àwọn ẹranko wo gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Kìnnìún, ẹkùn, táígà, jágúà àti ṣítà ni, ìdílé ológbò sì ni gbogbo wọn. Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí orúkọ, nítorí pé ó ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láàmú gan-an. Ẹkùn tí àwọn ọdẹ wa mọ̀, tí wọ́n ń kì ní ògìdán àti olólà ijù nínú ìjálá, ni ẹranko tí àmì dúdú kéékèèké wà káàkiri awọ rẹ̀. Táígà yàtọ̀ sí i: ilà dúdú gbọọrọ ni ó wà lára tirẹ̀, ilẹ̀ Éṣíà nìkan ni ó ń gbé, kò sì sí èyí tó ń gbé inú igbó Áfíríkà rí. Àwọn tó ń túmọ̀ ìwé sí èdè wa máa ń pe méjèèjì ní ẹkùn, èyí ni ó sì mú kí ọmọ kan bi mí pé ṣé ilà ni ẹkùn ní tàbí àmì. Nínú ìdáhùn wọ̀nyí, ẹkùn ni ẹkùn tiwa, táígà sì ni táígà.

Báwo ni kìnnìún ṣe lè borí ẹfọ̀n tó wúwo ju òun lọ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún?

Ìbéèrè yìí ni ó wù mí jù lọ láti dáhùn. Àwa tí Ewékorò kò jìnnà sí mọ bí àpò sìmẹ́ǹtì kan ṣe ń wúwo tó. 50 kìlógíráàmù ni. Abo kìnnìún tó dàgbà kò sábà ju àpò méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Akọ ẹfọ̀n ti ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà lè tó àpò 14, nígbà mìíràn ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi kún un pé ìwo ẹfọ̀n náà pàdé ara wọn níwájú orí bí àṣíborí irin, àti pé bí ó bá fi gún kìnnìún lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè pa á lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá ti dé ilé-ìpẹran Láfẹ́nwá láàárọ̀ mọ iye ọkùnrin tí ó máa ń gbà kí wọ́n tó dá màlúù kan ṣoṣo dùbúlẹ̀, okùn sì wà lọ́wọ́ wọn. Kìnnìún kò ní okùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni òun àti àwọn alápatà ń tọ̀, nítorí pé kò sí èyí tó ń dojú kọ ìwo nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀yìn ni abo kìnnìún ti ń wá. Yóò fò lé ìbàdí ẹfọ̀n náà, yóò ki èékánná iwájú bọ inú awọ rẹ̀, yóò sì fi gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ fà á sílẹ̀. Bí ẹfọ̀n bá ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbé ẹni kan tàbí méjì, kò lè sáré, yíyí padà sì ń nira fún un. Àwọn yòókù a wá darapọ̀, títí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi tẹ̀. Ìgbà tí ó bá ti wólẹ̀ tán ni ọ̀kan nínú wọn yóò tó wá síwájú, síbi ọ̀fun tàbí ẹnu, níbi tí ìwo kò ti lè débi òun mọ́.

Kì í ṣe ẹfọ̀n kẹ́fọ̀n ni wọ́n sì ń dán wò. Akọ arúgbó tó ti fi agbo sílẹ̀ tó ń dá jẹko ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí pé kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Ẹfọ̀n tó wà láàárín agbo léwu ju èyí tó dá wà lọ ní ìlọ́po púpọ̀: bí ọ̀kan bá ké, àwọn yòókù lè yípadà kí wọ́n sì lé kìnnìún gun igi. Nítorí náà, apá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọdẹ kìnnìún ni wíwò. Wọ́n lè tẹ̀ lé agbo kan fún wákàtí púpọ̀, kí wọ́n máa wá èyí tó ń tiro, èyí tó ṣàìsàn, tàbí ọmọ tó ṣáko kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ẹfọ̀n tó wà ní igbó ìhà tiwa kéré sí èyí tí mo ń ṣàpèjúwe yìí, ọ̀pọ̀ wọn sì pupa. Ṣùgbọ́n kò sí ọdẹ tó mọṣẹ́ tí yóò fojú tín-ín-rín èyí náà. Ìran Yorùbá tó sọ pé Ọya ń gbé awọ ẹfọ̀n wọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń wí nípa ìbínú ẹranko náà.

Kí ló dé tí kìnnìún kò fi kàn lé ẹran náà títí yóò fi rẹ̀ ẹ́?

Ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ọkàn ìkookò, ẹranko tó ń sáré jìnnà nínú ọ̀dàn, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ti abo kìnnìún kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ìyẹn lọ, ti akọ sì tún kéré sí i. Kìnnìún lè yára gan-an fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò dúró, yóò sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ẹran bá ti fún un ní ibi tó jìnnà díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìdí nìyí tí ó fi ń yọ́ rìn. George Schaller, ẹni tó gbé láàárín àwọn kìnnìún Serengeti ní Tànsáníà láti 1966 sí 1969, ṣàkíyèsí pé wọ́n máa ń gbìyànjú láti sún mọ́ ẹran tó nǹkan bí 30 mítà kí wọ́n tó fò yọ. Ẹni tó bá ti jókòó ní pápá ìṣeré M.K.O. Abíọ́lá ní Kútọ̀ lè fojú díwọ̀n rẹ̀: kò tó ìdajì pápá bọ́ọ̀lù. Láti dé ibẹ̀, yóò fi ikùn fa ilẹ̀ nínú koríko, yóò dúró bí òkúta nígbà tí ẹran bá gbé orí sókè, yóò sì tún sún síwájú nígbà tí ó bá tẹ orí sílẹ̀ láti jẹ.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni ó ń mu níbi ọrùn ẹran?

Rárá o. Èémí ẹran náà ni ó ń dá dúró. Bí ẹran bá tóbi, kìnnìún a fi ẹnu di gògóńgò rẹ̀ mú pinpin, tàbí kí ó fi gbogbo ẹnu bo ẹnu àti imú rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ kò fi ní lè wọlé. Ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹran náà tó kú. Ẹ̀jẹ̀ kì í sábà pọ̀ níbẹ̀, ohun tó sì ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu ni pé ọ̀nà yìí dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ní àǹfààní méjì: kìnnìún dùbúlẹ̀ síbi tí pátákò kò ti lè dé, ẹran tí gògóńgò rẹ̀ bá sì ti há kò lè ké pe agbo rẹ̀.

Ti ẹran kékeré kò nílò gbogbo èyí. Ìgbájú kan tàbí ìbunijẹ kan ní ẹ̀yìn ọrùn ti tó.

Ṣé òótọ́ ni pé abo nìkan ló ń ṣọdẹ, tí akọ kàn ń jẹ?

Ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà nílé-ẹ̀kọ́ nìyẹn, kò sì pé. Abo ni ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ọdẹ tí ènìyàn lè rí ní gbangba ọ̀dàn. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2013 láti ọgbà Kruger ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé akọ náà ń pa ẹran fúnra rẹ̀. Inú igbó tó ṣú ni ó ń ba sí, níbi tí ojú ènìyàn kò ti tó o. Gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀ mú kí ó ṣòro fún un láti fara pamọ́ ní gbangba. Nígbà tí ẹran náà bá jẹ́ ẹfọ̀n tàbí àgùnfọn, ìwọ̀n akọ, tó lè tó 200 kìlógíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wúlò gan-an láti fa ẹran náà wólẹ̀.

Ǹjẹ́ wọ́n ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn ní ti gidi?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré tán ní àwọn ibì kan. Philip Stander, tó ṣe ìwádìí lórí kìnnìún ọgbà Etosha ní Nàmíbíà, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1992, rí i pé abo kọ̀ọ̀kan ní ipò tó fẹ́ràn. Àwọn kan a máa yí ká láti apá òsì tàbí apá ọ̀tún, wọ́n á sì yọ sí àwọn ẹran láti lé wọn síwájú. Àwọn mìíràn, tí wọ́n sábà máa ń tóbi jù, a dúró sí àárín, wọ́n á lúgọ, wọ́n á sì dúró de ohun tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn ń lé bọ̀. Nígbà tí oníkálùkù bá wà ní ipò rẹ̀, ọdẹ náà ń yọrí sí rere ju ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ lọ. Etosha jẹ́ ilẹ̀ gbalasa tí koríko rẹ̀ kúrú, ẹni tó bá dá lọ kò ní rí ibi sá pamọ́ sí, nítorí náà ó di dandan fún wọn láti fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Ní Serengeti, àwọn olùwádìí rí ohun mìíràn tí mo máa ń sọ fún ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ní ọmọ púpọ̀ nílé. Bí ẹran bá rọrùn láti pa, bí ìmàdò kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú àwọn kìnnìún a lọ, àwọn yòókù a sì jókòó máa wòran. Bí ó bá jẹ́ ẹfọ̀n, tí ẹnì kan kò lè dá ṣe, wọ́n á dìde lọ. Ìrànlọ́wọ́ wọn ń tẹ̀ lé bí iṣẹ́ náà ṣe le tó.

Erin ńkọ́? Ṣé kìnnìún lè pa erin?

Erin tó ti dàgbà tán tí ara rẹ̀ dá kò sí lára ohun tí kìnnìún ń fi ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ní Savuti, ní ọgbà Chobe ní Bòtswánà, Dereck Joubert, tó máa ń ya fíìmù nípa ẹranko igbó, kọ àkọsílẹ̀ láàárín 1993 sí 1996 nípa agbo kìnnìún kan tó pọ̀ tó nǹkan bí 30, tó sọ pípa erin di àṣà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí omi bá gbẹ tí àwọn erin sì ní láti wá láti ọ̀nà jíjìn síbi ihò omi díẹ̀ tó kù. Alẹ́ ni wọ́n ń jà. Erin kì í ríran dáadáa nínú òkùnkùn, kìnnìún sì ń ríran. Àwọn tí wọ́n ń lé ni àwọn erin tí kò tíì dàgbà tán, tí wọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́ tí ìyá ń dáàbò bò mọ́, tí wọn kò sì tíì ní agbára àgbàlagbà. Wọ́n á yà á kúrò lára agbo, ọ̀pọ̀ á sì gun ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi wó. Agbo tí kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ kò lè dán irú èyí wò.

Àgùnfọn ga, kò sì ní ìwo gidi. Kí ni ewu rẹ̀?

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ìtapá kan láti ọ̀dọ̀ àgùnfọn lè fọ́ agbárí kìnnìún. Ìbàdí àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń dì mọ́, wọ́n á sì máa retí kí ó kọsẹ̀, nítorí pé bí àgùnfọn bá ti ṣubú, ó ṣòro fún un láti dìde.

Táígà kò ní agbo. Báwo ni òun ṣe ń ṣe é?

Òun nìkan ni, mo sì rò pé nínú gbogbo wọn, òun ni iṣẹ́ rẹ̀ yẹ fún ìyàlẹ́nu jù. Ní àwọn igbó Íńdíà, táígà ń pa màlúù igbó kan tí wọ́n ń pè ní gaur, tí akọ rẹ̀ lè tó 1,000 kìlógíráàmù. Kò ní ẹni tí yóò bá a di ìbàdí mú, nítorí náà àṣìṣe kan kò sí fún un. Ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn gan-an nínú igbó tó ṣú, kí ó yọ láti ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn, kí ó fi ọwọ́ iwájú fa èjìká ẹran náà sílẹ̀, kí ó sì ti di ọ̀fun mú bí ẹran náà ṣe ń ṣubú. Ọ̀gán rẹ̀, ìyẹn eyín ṣóńṣó tó fi ń di ẹran mú, ló gùn jù láàárín gbogbo ìdílé ológbò tó wà láyé lónìí. Ní ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ igbó àti àgbọ̀nrín ńlá ni oúnjẹ rẹ̀, ó sì ń pa béárì nígbà mìíràn.

Jágúà, tó ń gbé Gúúsù Amẹ́ríkà, ní ọ̀nà tirẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lágbára ju ti àwọn yòókù lọ bí a bá fi wé ìwọ̀n ara rẹ̀, nítorí náà kì í fi gbogbo ìgbà wá ọ̀fun. Ó lè bu agbárí ẹran jẹ títí eyín rẹ̀ yóò fi wọnú ọpọlọ. Ní ilẹ̀ àbàtà Pantanal ní Bùràsíìlì, ó ń fò sínú odò mú ọ̀nì ibẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì ń gé e ní ìpàkọ́. Ọ̀nì tí a ti gé ní ìpàkọ́ kò lè yí ẹnu padà.

Ẹkùn tiwa ńkọ́?

Bàbá kan tó wá láti ìdílé ọdẹ ní Ìtòkò ni ó bi mí ní èyí, mo sì sọ fún wọn pé àwọn ni ó yẹ kí wọ́n dá mi lóhùn. Ẹkùn kò tóbi tó kìnnìún. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju 60 kìlógíráàmù lọ. Kò sábà bá ẹfọ̀n jà. Ìgalà, ẹtu, ọ̀bọ àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni tirẹ̀. Agbára rẹ̀ hàn lẹ́yìn tí ó bá ti pa ẹran tán: ó lè fi ẹnu gbé ẹran tó wúwo tó òun fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn tó jù ú lọ, gun orí igi, kí ìkookò àti kìnnìún má baà gbà á. Àwọn ìnàkí ńlá inú ọ̀dàn jẹ́ àpẹẹrẹ rere fún ìṣọ́ra rẹ̀: lọ́sàn-án, àwọn akọ wọn lè kóra jọ lé ẹkùn kan, kí wọ́n sì pa á, nítorí náà òru ni ó máa ń lọ bá wọn níbi tí wọ́n ń sùn.

Bàbá náà gbọ́ ìdáhùn mi tán, wọ́n sì fi kún un pé ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ọdẹ láti máa wo òkè igi, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan, nìyẹn.

Ṣítà ló yára jù. Ṣé ó lè pa ẹran ńlá?

Kò wọ́pọ̀. Ara rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kéré, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Akọ méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n jọ ń rìn lè pa ẹran tó tóbi díẹ̀, ṣùgbọ́n bí kìnnìún tàbí ìkookò bá yọ, wọ́n á fi í sílẹ̀ láìjà.

Ṣé òṣùpá àti òkùnkùn ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọdẹ àwọn ẹranko wọ̀nyí?

Ó ní púpọ̀. Nínú ojú wọn, awọ kan wà lẹ́yìn tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, òun ni ó ń mú kí ojú ológbò máa tàn lálẹ́ bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Nígbà tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ rokoṣo, ẹran a rí kìnnìún láti òkèèrè, ebi a sì máa pa kìnnìún. Craig Packer àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní 2011 nípa àwọn ènìyàn tí kìnnìún kọlù ní Tànsáníà: àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú ni ewu pọ̀ jù, nítorí pé ìgbà náà ni òkùnkùn tún padà sí ọwọ́ alẹ́, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń rìn níta.

Ìgbà mélòó ni wọ́n ń kùnà, kí ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tó bá fara pa?

Ìkùnà wọn pọ̀ ju àṣeyọrí wọn lọ. Táígà lè gbìyànjú ní ìgbà 10 kí ó tó rí ẹyọ kan pa. Èyí ni ó jẹ́ kí ìpalára burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹranko tó ń kùnà nígbà tí ara rẹ̀ dá kò ní lè rí nǹkan jẹ nígbà tí ó bá ń tiro. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí àwòrán kìnnìún tí ẹ̀gún òòrẹ̀ gún sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òòrẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀gún rẹ̀ lè di egbò tí ń kẹ̀, kìnnìún náà kò sì ní lè la ẹnu mọ́.

Ní 1898, kìnnìún akọ méjì ní Tsavo, ní Kẹ́ńyà, pa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ojú irin, títí J. H. Patterson, ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, fi yìnbọn pa wọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Agbárí wọn wà ní Field Museum ní Chicago títí di òní. Ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀gán tó ṣẹ́, gbòǹgbò eyín náà sì ti kẹ̀. Àwọn kan lára àwọn onímọ̀ gbà pé eyín yìí wà lára ohun tó sọ ọ́ di apènìyàn-jẹ, nítorí pé ènìyàn kò ní ìwo, awọ rẹ̀ kò sì le.

A máa ń sọ pé kìnnìún kì í jẹ ẹran ìkasì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ iyì ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kìnnìún ń jẹ ẹ́. Bí ó bá rí igún tó ń balẹ̀, yóò lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Yóò tún gba ẹran lọ́wọ́ ìkookò. Kò sí ìwo lára òkú ẹran tó lè gún un.

Ǹjẹ́ kìnnìún ṣì kù ní Nàìjíríà?

Díẹ̀ ló kù. Ọgbà Kàǹjì àti ọgbà Yankari ní Bauchi ni a ti mọ̀ pé wọ́n wà, wọn kò sì tó 50 lápapọ̀. Láti 2015 ni wọ́n ti kà kìnnìún ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ́ àwọn tí ìparun súnmọ́ gan-an; èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé ní igbó tó so Benin, Burkina Faso àti Niger pọ̀. Gọ̀gọ̀ àwọn akọ tiwa kò nípọn tó ti ìlà-oòrùn, agbo wọn sì kéré, nígbà púpọ̀ ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Pàkúté àti ìbọn ń kó àgbọ̀nrín àti ẹfọ̀n tán nínú igbó, kìnnìún tí kò bá sì rí wọn mọ́ yóò yíjú sí màlúù àwọn darandaran, níbi tí oró àti ìbọn ti ń dúró dè é. Ẹni méjì kò sì lè pín ara wọn sí apá òsì, apá ọ̀tún àti àárín bí ti Etosha. Ìtò tí mo ṣàpèjúwe níbẹ̀ yẹn, ó ṣòro kí agbo kan ní Kàǹjì pọ̀ tó láti ṣe é.